Ìdíje triathlon fún àwọn àgbà

Triathlon jẹ́ ìdíje eré-ìdárayá nínú èyí tí olùdíje kan ṣoṣo yóò lúwẹ̀ẹ́, tí yóò gun kẹ̀kẹ́, tí yóò sì sáré, láìsí ìsinmi láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aago kan náà ni a fi ń ka gbogbo rẹ̀, títí kan ìṣẹ́jú tí olùdíje bá fi bọ́ aṣọ tàbí tí ó fi wọ bàtà. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá: tri ni ẹẹ́ta, athlon sì ni ìdíje. Ní àwọn ìlú ńlá bíi London àti Chicago, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kópa kì í ṣe ẹni tó ń fi eré jẹun. Òṣìṣẹ́, oníṣòwò àti ẹni tó ti fẹ̀yìntì wà nínú wọn. Àyọkà yìí dá lé àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún láàárín wọn, àti ohun tí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀ Okun, ní agbègbè Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogí, lọ síbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti gígùn ìdíje

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974 ni wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ yìí ní Mission Bay, ní ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì ọdún 1978, ènìyàn 15 bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ tó gùn jù, tí a mọ̀ sí Ironman, ní Hawaii. 12 ni ó parí rẹ̀. Ọdún 1989 ni wọ́n dá àjọ tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé sílẹ̀ ní ìlú Avignon ní ilẹ̀ Faransé. World Triathlon ni àjọ náà ń jẹ́ báyìí. Triathlon wọ inú ìdíje Òlímpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000.

Gígùn tó wọ́pọ̀ jù ni ìlúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 1.5, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 40 àti eré kìlómítà 10. Ìdajì èyí ni ti ìdíje kúkúrú, òun ló sì yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ironman jẹ́ kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́ àti 42.2 lórí ẹsẹ̀. Wákàtí 17 ni gbèdéke rẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Ìsọ̀rí ọjọ́-orí

Àgbà kì í bá ọ̀dọ́ du ipò. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni a fi pín àwọn olùdíje sí ìsọ̀rí: ẹni ọdún 50 sí 54, 55 sí 59, 60 sí 64, bẹ́ẹ̀ lọ sókè, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ọjọ́-orí tí ènìyàn yóò ní ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, ẹni tí yóò pé 60 ọdún ní oṣù kọkànlá ti di ọmọ ìsọ̀rí 60 sí 64 láti oṣù kìíní. Èyí sọ ọjọ́ ìbí di ohun tí àgbà ń fi ayọ̀ retí, nítorí pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìsọ̀rí tuntun ni àbúrò gbogbo wọn níbẹ̀.

Aago ni alátakò tí kò mọ ọjọ́-orí. Hiromu Inada, ará Japan tí wọ́n bí ní 1932, ti pé 70 ọdún kí ó tó ṣe triathlon rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Hawaii ní 2015, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ pàdánù gbèdéke wákàtí 17, wọn kò sì kà á mọ́ àwọn tó parí. Ó padà lọ ní ọdún kejì, ó sì parí. Ní 2018 ó tún parí rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 85. Sister Madonna Buder, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1930, bẹ̀rẹ̀ triathlon ní ẹni ọdún 52. Ó parí Ironman ti Kánádà ní 2012 nígbà tí ó pé ọdún 82.

Ìlúwẹ̀ẹ́ àti ewu rẹ̀

Ìlúwẹ̀ẹ́ ni ó kúrú jù, òun náà ni ó sì léwu jù. Ìwádìí kan tí ó jáde nínú Annals of Internal Medicine ní 2017 wo àwọn ìdíje triathlon ní Amẹ́ríkà láti 1985 sí 2016. Ó rí ènìyàn 135 tí wọ́n kú tàbí tí ọkàn wọn dá iṣẹ́ dúró tí wọ́n sì jí padà. Inú omi ni èyí ti ṣẹlẹ̀ sí 90 nínú wọn. Lápapọ̀, kò tó ènìyàn méjì nínú 100,000 olùdíje, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọkùnrin tó ti pé 60 ọdún, iye náà gòkè dé 18.6 nínú 100,000. Nínú òkú 61 tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún, 27 ni ó ní àléébù tó ṣe pàtàkì nínú ọkàn tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀. Nítorí èyí, àgbà tó bá fẹ́ díje níláti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, kí ó tó ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá.

Omi ìlú ńlá kò dà bí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìtura. Ní London, Royal Victoria Dock ni wọ́n ń wọ̀. Ní Chicago, adágún Michigan ni. Omi náà lè tutù gan-an fún ẹni tó ti ilẹ̀ ooru wá, òtútù òjijì a sì máa gba èémí lẹ́nu ènìyàn. Aṣọ rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ ń gba ara lọ́wọ́ òtútù, ó sì ń mú ara léfòó. Bí ó bá rẹ olùdíje, òfin gbà á láyè láti di ọkọ̀ kékeré àwọn adóòlà mú kí ó sinmi, bí kò bá ṣáà ti fi í tẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń tijú àtiṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ kò ní òfin púpọ̀: akoto gbọ́dọ̀ wà lórí, kí a sì ti dè é, kí ọwọ́ tó kan kẹ̀kẹ́, nínú ọ̀pọ̀ ìdíje àwọn àgbà, ènìyàn kò sì gbọdọ̀ sá pamọ́ fún atẹ́gùn lẹ́yìn ẹlòmíràn.

Ní ilẹ̀ Okun

Ilẹ̀ Okun ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Kabba/Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà Ìlà-Oòrùn, Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn àti Mọ̀pà-Mùrò, pẹ̀lú àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́kọ́ja. Ilẹ̀ olókè ni, ó sì jìnnà sí òkun. Méjì nínú ẹ̀yà mẹ́ta triathlon kò ṣòro láti múra sílẹ̀ fún níbẹ̀. Ọ̀nà kọnkéré láti Ọ̀bàjànà sí Kabba gùn tó kìlómítà 43, ó fi díẹ̀ ju ìrìn kẹ̀kẹ́ ìdíje lọ. Àfi kí ènìyàn jí gùn ún ní kùtùkùtù kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó símẹ́ǹtì tó pọ̀ lójú ọ̀nà. Ní ti eré, ìdíje kìlómítà 10 ti Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, kò jìnnà púpọ̀. Orí òkè ni wọ́n ti ń sá a, gígùn rẹ̀ sì bá ti triathlon mu géẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èrò ìlú ńlá ṣe ń rí lójú ìje lè lọ sí eré Máràtọ́ọ̀nù ti ìlú Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016.

Omi ni ìṣòro. Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé pàdé ní Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n ìṣàn ibẹ̀ le, kì í ṣe ibi tí ẹni ọdún 55 yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ ní ìgbèríko Nàìjíríà sì lè ní ìgbín tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Ohun tó kù ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìtura. Nínú èyí tí ó gùn ní mítà 20, ìgbà 75 ni ènìyàn yóò là á já kí ó tó pé kìlómítà 1.5, yóò sì máa fọwọ́ kan ògiri ní gbogbo mítà 20 náà. Kò sí ògiri nínú adágún Michigan. Nítorí náà, ó dára kí olùdíje tó ti Kabba lọ dé ìlú ìdíje ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ó wọ omi tútù náà pẹ̀lú adóòlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó tó di ọjọ́ tí aago yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà.