A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìtàn Àpéjọ Murdi Paaki ní Ọsirélíà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ẹ̀yìn olórí gan-an ni wọ́n ti fá orí àwọn Àbọ́ríjínì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ló ni ilẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó sí Sydney ní ọdún 1788. Ní ìpínlẹ̀ New South Wales, láti 1883 títí di 1969, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló ń ṣàkóso ìgbésí ayé wọn, ó sì lágbára láti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Nígbà tí ìjọba wá fún wọn láyè láti máa ṣèpinnu fúnra wọn, tí ó sì tún gba àyè náà padà, kí ló ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́?

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn yìí kò mọ ètò ìlú tẹ́lẹ̀. Ní Brewarrina, àwọn baba ńlá wọn to òkúta sínú odò Barwon láti máa fi pa ẹja. Àwọn Ngemba ni olùtọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà tó múlé tì wọ́n náà ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Ènìyàn kò lè pín irú odò bẹ́ẹ̀ láìsí àdéhùn, àti láìsí àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀wọ̀n.

Ní ọdún 1990, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ATSIC. Lowitja O'Donoghue ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn Àbọ́ríjínì àti àwọn ará erékùṣù Torres Strait ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹkùn tó ń pinnu bí wọn yóò ṣe ná lára owó ìjọba. Ìgbìmọ̀ 60 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dín wọn kù sí 36 lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Murdi Paaki, ní ìwọ̀ oòrùn New South Wales, níbi tí Bourke, Walgett, Wilcannia àti Brewarrina wà.

Ìgbìmọ̀ Murdi Paaki kò jókòó sí ojú kan kí ó máa pàṣẹ. Ó jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, 16 lápapọ̀, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń jíròrò lórí ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Alága ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣojú ìlú rẹ̀ nínú àpéjọ ẹkùn. Ilé ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé àpéjọ.

Ní 2004, Olórí Ìjọba John Howard kéde pé òun yóò tú ATSIC ká. Àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i ní 2005, àwọn ìgbìmọ̀ ẹkùn rẹ̀ sì kógbá wọlé ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún náà. Ṣùgbọ́n ní Murdi Paaki, òfin tú ìgbìmọ̀ ká, kò rí ẹgbẹ́ ìlú tú, nítorí òfin kọ́ ló dá wọn sílẹ̀. Àwọn alága ń pàdé nìṣó. Ní ọdún 2015, ìjọba New South Wales jókòó pẹ̀lú àpéjọ yìí, wọ́n sì jọ fọwọ́ sí àdéhùn lórí ilé, ẹ̀kọ́ àti ọrọ̀ ajé.

Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ, ọwọ́ ìjọba ni àpò owó ṣì wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n bi gbogbo olùdìbò Ọsirélíà bóyá kí òfin ìpilẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbẹnu sọ fún àwọn onílẹ̀. Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló dáhùn pé rárá. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ìtàn Murdi Paaki ṣe pàtàkì. Ohun tí òfin bá fi fúnni, òfin lè gbà á padà. Èyí tí ará ìlú bá fọwọ́ ara wọn gbé ró, àfi bí àwọn fúnra wọn bá pa á tì ni yóò tó wó.