Ẹni tí Ó Pa Àlọ́ àti Ẹni tí Ó Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Bí a bá ń sọ bí àlọ́ àwọn Lárúbáwá tí à ń pè ní Ẹgbẹ̀rún Òru Ó Lé Kan ṣe dé ilẹ̀ Yúróòpù, orúkọ àwọn atúmọ̀ mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́: Antoine Galland ará Faransé, Edward Lane àti Richard Burton, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ fara sin fún ìgbà pípẹ́. Ẹni náà ni Hanna Diyab.

Galland ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Inú ìwé àfọwọ́kọ kan tí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti Síríà ni ó ti ń túmọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1704. Àwọn ènìyàn tẹ́wọ́ gbà á tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn inú ìwé àfọwọ́kọ náà tán nígbà tí òùngbẹ àwọn òǹkàwé kò tíì tán.

Ní 1709 ni Galland pàdé Diyab ní Paris. Ọ̀dọ́mọkùnrin Kristẹni ni, ará ìlú Aleppo. Arìnrìn-àjò kan, Paul Lucas, ni ó mú un wá. Diyab ń pa àlọ́, Galland sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀. Lára wọn ni ìtàn Aladdin àti ti Ali Baba, tí ó gbajúmọ̀ jù lónìí. A kò tíì rí ìtàn méjèèjì nínú ìwé Lárúbáwá kankan tí ó ṣáájú ti Galland. Síbẹ̀, Galland kò dárúkọ Diyab nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e náà fi ọwọ́ ara wọn sí ìtàn náà. Lane, tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1838, yọ ohun tí ó kà sí àlùfànṣá kúrò. Burton, ní 1885, kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́, ó sì fi àlàyé tirẹ̀ kún un lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, Diyab kọ ìtàn ìrìn àjò rẹ̀ sílẹ̀ ní Aleppo. Ó mẹ́nu ba arúgbó kan tí òun pa àlọ́ fún ní Paris, ṣùgbọ́n òun náà kò dárúkọ rẹ̀. Ilé ìkówèésí Vatican ni ìwé náà wà, àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ sì tó mọ̀ pé Diyab ni ó kọ ọ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní yínni-yínni, kí ẹni ó ṣe òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ apàlọ́ àti ìlú rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.