Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Abigi

Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì nílò ò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Kó lè tẹ lẹ́tà, kó tọ́jú rẹ̀ síbi tó ti máa rí i, kó fi Excel ṣe ìṣirò, kó fi ímeèlì ránṣẹ́, ó parí.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, tí olú-ilé rẹ̀ wà n'Íjẹ̀bú-Igbó, tàbí Ogun Waterside tí tiẹ̀ wà ní Abigi, iṣẹ́ tó ń wọlé ò ṣàjèjì: ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, owó ọjà, fáìlì àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Níbi tí òṣìṣẹ́ ò bá ti mọ̀ ọ́n tẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé létí títì ni fáìlì máa ń gbà. Ìyẹn ò dáa rárá. Ọjọ́ ìbí àti owó oṣù ẹni ẹlẹ́ni á wá jókòó sínú kọ̀ǹpútà ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ aráàlú, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, sì de ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú.

Excel gan-an ni owó ti ń sọnù. Ká ní ọgbọ̀n ṣọ́ọ̀bù ló san owó ọjà, tí wọ́n to iye owó náà láti C2 dé C31. Tí òṣìṣẹ́ bá kọ =SUM(C2:C31), àròpọ̀ á jáde lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tẹ lẹ́tà O dípò òdo, bíi 5O00, Excel á ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ lásán, á fò ó, kò sì ní pariwo. Àròpọ̀ á dín, ẹnì kan á sì rò pé olówó-orí ló jí i. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n rèé: tí wọn ò bá tíì fọwọ́ kan bó ṣe tò, nọ́ńbà máa ń fara ti apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì.

Ti ímeèlì, àṣìṣe ńlá ni kí ọ́fíìsì máa lo àdírẹ́sì ẹnì kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹni náà lọ síbòmíràn, gbogbo lẹ́tà ti bá a lọ nìyẹn.

Ní Abuja, Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀, Didi Walson-Jack, fi 31 oṣù Kejìlá ọdún 2025 ṣe gbèdéke fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti pa fáìlì oníwèé tì. Gbèdéke yẹn ò kan ìjọba ìbílẹ̀, àmọ́ àwọn ni aráàlú ń bá pàdé jù.

Àtikọ́ ọ ò jìnnà. Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ti wà l'Ágọ̀-Ìwòyè láti ọdún 1982, àwọn àgùnbánirọ̀ sì wà káàkiri. Ẹni tí ò lówó Microsoft lè lo LibreOffice, ọ̀fẹ́ ni. Nítorí iná tó ń lọ láìdágbére, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ olùkọ́ṣẹ́ ni Ctrl+S, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ léraléra.