Awọ Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó Bo Páànù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní awọ fẹ́ẹ́rẹ́ bonú, kò jẹ́ kí a rí ikùn aṣebi. Bí a bá gbé òwe yìí wò lára páànù tí a fi ń bo ilé, a óò rí i pé ó bá a mu. Irin ni inú páànù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣì ń dán, irin kọ́ ni ojú wa ń rí. Síńkì ni, ó sì fẹ́lẹ́ ju ewé ìwé lọ. Èrò mi ni pé awọ yìí wà lára ohun tí ó yí àjọṣe wa padà, bí a kì í tilẹ̀ í sábà dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn.

Ní ọdún 1829 ni Henry Palmer gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọgbọ́n títẹ irin pẹlẹbẹ ní ìtẹ̀kọrọ̀, kí èyí tí ó fẹ́lẹ́ lè lágbára. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń pa irin lásán, kò ní pẹ́ dógùn-ún. Ní ọdún 1837, Stanislas Sorel gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Faransé lórí ríri irin tí a ti fọ̀ mọ́ bọ inú síńkì yíyọ́, èyí tí ooru rẹ̀ ń tó nǹkan bí 450 ní ìwọ̀n Celsius. Iṣẹ́ méjì ni síńkì ń ṣe. Ó ń dínà omi àti afẹ́fẹ́. Bí nǹkan bá sì ha á lára tí irin hàn síta, síńkì tí ó wà nítòsí ni yóò kọ́kọ́ jẹrà dípò irin.

Kí páànù tó dé, koríko bẹẹrẹ àti ewé gbòdògì wà lára ohun tí àwọn baba wa fi ń bo ilé. Òrùlé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jẹrà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè dá a ṣe. Ọkùnrin a bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ láti lọ bo ilé fún àna rẹ̀. Nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a máa ru koríko lọ sí Ọ̀yọ́ fún bíbo ààfin. Ìlú tí ó bá rù ú wá ti fi hàn pé òun ṣì ń sìn ín. Àìlálòpẹ́ òrùlé ni ó ń pe àwọn ènìyàn jọ.

Ọkọ̀ òkun gbé páànù wá sí Èkó. Ní ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, ẹrù wíwúwo sì rọrùn láti gbé wọ inú ilẹ̀. Owó kòkó ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi rà á. Káfíńtà tí a sanwó fún ni ó ń kàn án, kò sì sí ọ̀wẹ̀ mọ́ títí ọdún púpọ̀. N kò sọ pé síńkì nìkan ni ó dá èyí sílẹ̀. Owó, ìjọba òyìnbó àti ilé-ìwé náà lọ́wọ́ sí i. N kò sì ní kí a máa sunkún òrùlé koríko. Ẹni tí iná ọyẹ́ bá ti jó ilé àti ẹrù rẹ̀ rí kò ní bá wa sun ún.

Ṣùgbọ́n síńkì náà a máa tán. Ẹni tí ó bá dúró ní Òkè Mápó tí ó wo Ìbàdàn yóò rí òrùlé tí ó pọ́n bí ilẹ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní ìdọ̀tí. Ojú tí mo fi ń wò ó ni pé páànù tí síńkì rẹ̀ ti kú tán nítorí irin ni. Lábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀, mo ti rí agbo ilé tí òjò ń rọ̀ sí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà káàkiri, tí olúkúlùkù sì ń retí kí ẹnìkejì rẹ̀ ra páànù. Awọ tí ó gbà wá lọ́wọ́ ọ̀wẹ̀ ti tán, iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ sì ti tún dé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí a tún bẹ ara wa.