Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ìtàn Síkì Gbogbo-Òkè

Ọmọ Yorùbá ti pọ̀ lónìí ní Kánádà, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ní ẹ̀ka yìí wà níbẹ̀, àwa náà sì lè dé ibẹ̀ lọ́la. Nígbà ọ̀tútù, àwọn ará ibẹ̀ a máa gun orí òkè lọ láti fi síkì ṣeré, ìyẹn pátákó gígùn méjì tí ènìyàn ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Àlejò tó bá fẹ́ bá wọn lọ kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ kan nílé ìtajà: síkì gbogbo-òkè. Wọ́n á ní ó dára lójú ọ̀nà, ó dára nínú igbó, ó dára fún akọ́ṣẹ́ àti ọ̀gá.

Àwa tí à ń kọ́ ìtàn àti èdè kò gbọdọ̀ gba orúkọ bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé àti irú yìnyín tó ń bọ́ níbẹ̀ ló ń sọ bí síkì rẹ̀ yóò ṣe rí. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí ló lè dáhùn ìbéèrè náà fúnra rẹ̀: ṣé síkì gbogbo-òkè bá mi mu?

Iṣẹ́ oúnjẹ ni, kì í ṣe eré

Ọ̀rọ̀ náà, síkì, wá láti inú èdè àtijọ́ àwọn ará Nọ́wè. Igi tí a là ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń pè ti wà tipẹ́ kí èdè náà tó wà. Lẹ́bàá adágún Sindor ní àríwá Rọ́ṣíà, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àjákù síkì tó ti tó nǹkan bí ọdún 8,000. Ẹni tó ṣe é gbẹ́ orí ẹranko igbó ńlá kan, tó jọ àgbọ̀nrín, sí abẹ́ imú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan ni orí náà wà fún; òun ni kì í jẹ́ kí síkì yọ̀ padà sẹ́yìn. Ní Kalvträsk, ní àríwá Swídìn, wọ́n rí òmíràn ní 1924 tó ti lé ní ọdún 5,000.

Ní agbègbè Altay ní Ṣáínà, àwọn kan ṣì ń gbẹ́ síkì bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń gbẹ́ ẹ. Awọ ẹṣin ni wọ́n fi ń bo abẹ́ rẹ̀, irun awọ náà a sì kọjú sẹ́yìn. Bí ọdẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, irun náà á tẹ́, síkì á sì yọ̀. Bí ó bá ń gòkè, irun náà á dìde, á di yìnyín mú. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn apá kan ní Swídìn àti Nọ́wè àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, síkì ẹsẹ̀ méjèèjì kì í dọ́gba: èyí tó gùn ni wọ́n fi ń yọ̀ lọ, èyí tó kúrú, tó ní awọ lábẹ́, ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀ bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lórí ibi tí síkì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tó kàn wá ni pé kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ọdẹ yìí tó gbẹ́ síkì fún gbogbo òkè. Òkè tirẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún.

Ìbàdí bíi ti gángan

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò ṣeé fò nínú ìtàn yìí ni Sondre Norheim. Wọ́n bí i ní 1825 ní Morgedal, ní agbègbè Telemark ní Nọ́wè. Ọmọ tálákà ni, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ igi. Òkè pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè yí kó tó kọlu igi. Norheim fi ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣeé tẹ̀ de gìgísẹ̀ bàtà, kí síkì má baà bọ́ bí ó bá fò. Irú síkì tí òun àti àwọn ará Telemark mú jáde sì fẹ̀ ní iwájú, ó fẹ̀ ní ẹ̀yìn, ó wá sún ní àárín.

Ẹni tó bá ti rí gángan rí ti mọ ìrísí náà: ẹnu méjèèjì fẹ̀, ìbàdí tín. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá fi síkì bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, igi náà á ká bí ọrun, á sì fa ara rẹ̀ yípo. Ní 1868, Norheim lọ díje ní Christiania, ìlú tí à ń pè ní Oslo lónìí, bí ó ṣe ń yí lórí yìnyín sì jẹ́ ìyanu fún àwọn ará ìlú ńlá. Ní 1884 ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì kú ní North Dakota ní 1897. Nígbà tí ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà ọ̀tútù wáyé ní Oslo ní 1952, inú ilé tí wọ́n bí i sí ni wọ́n ti tan iná ògùṣọ̀ rẹ̀.

Òkè Alps ò gba síkì Nọ́wè

Ní 1888, Fridtjof Nansen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi síkì la Greenland kọjá. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ tan ìfẹ́ síkì ká ilẹ̀ Yúróòpù. Ní Lilienfeld ní Ọ́stríà, Mathias Zdarsky kà á, ó ra síkì Nọ́wè, ó sì rí i kíá pé kò bá òkè tirẹ̀ mu. Òkè ibẹ̀ ga gọngọ, síkì náà sì gùn jù, ìdè rẹ̀ sì dẹ̀ jù. Zdarsky gé e kúrú, ó fi irin ṣe ìdè tó di bàtà mú ṣinṣin. Ohun tó ṣe yẹn ni ìbéèrè àròkọ wa gan-an. Ó ra ohun tí ayé ń yìn, ó bi í bóyá ó bá ilẹ̀ òun mu, ó sì tún un ṣe.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Rudolf Lettner, ará Salzburg, gba ẹ̀tọ́ àṣẹ ní 1926 lórí irin tí wọ́n ń kàn mọ́ etí síkì, nítorí igi lásán kì í di yìnyín líle mú. Ní 1936, wọ́n gbé àga tí ń fi okùn irin gbé ènìyàn gòkè kalẹ̀ ní Sun Valley, Idaho. Inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọnú ọkọ̀ ojú omi ni James Curran, ẹnjiníà tó ṣe é, ti mú èrò náà. Àga yìí yí ìtàn padà. Ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ gun òkè mọ́ lè sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ọ̀nà kan náà á tẹ yìnyín náà pa, á le. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú ọ̀nà náà ní alaalẹ́.

Ní 1950, Howard Head, ẹnjiníà tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Baltimore, gbé síkì onírin jáde lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ èyí tó kọ́kọ́ ṣe ti dá. Ó rọrùn láti yí ju ti igi lọ. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, síkì tóóró tó gùn tó mítà méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ojú ọ̀nà líle ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá dé inú yìnyín jíjìn, rírì ló máa ń rì.

Òbí mẹ́ta, ọmọ kan

Òbí mẹ́ta ló bí síkì gbogbo-òkè. Àkọ́kọ́ ni síkì fífẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1980, Rupert Huber ti ilé iṣẹ́ Atomic ní Ọ́stríà ṣe síkì kan tó fẹ̀ bí pátákó, kí ènìyàn lè léfòó lórí yìnyín tó rọ̀ bí èlùbọ́. Àwọn kan fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rẹ̀ nínú yìnyín jíjìn kò rẹ́rìn-ín.

Èkejì ni síkì oníbàdí tín. Ní 1993, ilé iṣẹ́ Elan ní Sloféníà gbé èyí tí Jurij Franko àti Pavel Škofic ṣe jáde. Wọ́n mú gángan Norheim, wọ́n fún un ní ìbàdí sí i. Láàárín ọdún díẹ̀, síkì tóóró gbọọrọ ti di ohun àtijọ́.

Ẹ̀kẹta ni síkì tí imú rẹ̀ gbé sókè bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Shane McConkey, tó ti gbìyànjú síkì orí omi lórí yìnyín Alaska, ló ronú pé yìnyín jíjìn jọ omi ju ilẹ̀ lọ. Ní 2002, ilé iṣẹ́ Volant gbé Spatula jáde láti inú èrò rẹ̀. Nínú yìnyín jíjìn, ó dára púpọ̀. Lórí ojú ọ̀nà líle, ìyà ni.

Gbogbo-òkè mú díẹ̀díẹ̀ lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fẹ̀ díẹ̀, ó ní ìbàdí díẹ̀, imú rẹ̀ gbé díẹ̀, abẹ́ bàtà sì ká bí ọrun kí etí irin lè di ilẹ̀ mú. Ìbàdí rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín nǹkan bíi 80 sí 105 mìlímítà. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ojú ọ̀nà títẹ́, èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ti yìnyín jíjìn. Ọmọ tó jọ òbí mẹ́ta kì í jọ ẹnikẹ́ni nínú wọn tán. Kò ní di omi dídì mú bíi síkì tóóró, kò sì ní léfòó bíi síkì fífẹ̀.

Ṣé ó wá bá ọ mu?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti ilẹ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí o bá lò lórí òkè, mélòó ló máa jẹ́ lójú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ́? Bí ó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, síkì ojú ọ̀nà ni kí o mú. Má san owó ìfẹ̀ tí o kò ní lò. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún sí márùn-ún, ìgbà yẹn ni gbogbo-òkè tó yẹ ọ́.

Ìkejì ni ti yìnyín. Ní Vermont àti gbogbo àgbègbè New England, yìnyín máa ń yọ́, a sì tún padà dì gbagidi. Ní Cairngorm ní Skọ́tlándì, ìjì a máa gbá a lọ, a sì ku líle. Níbẹ̀, gbogbo-òkè tí ìbàdí rẹ̀ sún mọ́ 80 ló dáa, nítorí síkì fífẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó fì sí ẹ̀gbẹ́, orúnkún ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ní Utah àti Colorado tí yìnyín gbígbẹ, fúyẹ́fúyẹ́ ti máa ń pọ̀, èyí tó sún mọ́ 100 kò pọ̀ jù.

Ìkẹta ni ti ara àti ìlò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Akọ́ṣẹ́ tó ra síkì fífẹ̀, líle, nítorí pé ọ̀gá ń lò ó, ẹrù ló rà. Èyí tó rọ̀, tó tín díẹ̀, tí gígùn rẹ̀ dé àgbọ̀n tàbí imú, ni yóò kọ́ ọ láti yí. Ẹni tó máa ń sáré, tó sì ń yí gbọọrọ, lè mú èyí tó ga dé orí rẹ̀. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó yá a. Owó síkì, bàtà àti ìdè kì í ṣe owó kékeré.

Bákan náà, kí orúkọ má tàn wá. Ní 2022, Samuel Ikpefan ṣojú Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Beijing nínú eré síkì ọ̀nà jíjìn. Síkì tóóró fúyẹ́fúyẹ́, tí gìgísẹ̀ ti ń gbé sókè, ni wọ́n ń lò fún irú eré bẹ́ẹ̀. Gbogbo-òkè kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn rárá: ó wúwo, ó sì de gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Òkè pọ̀ tí gbogbo-òkè kò mọ̀.

Èyí tó léwu jù la fi parí. Síkì yìí lè gbé ènìyàn kúrò lójú ọ̀nà wọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò lè dá yìnyín tó bá ya láti òkè dúró. Ìtàlẹ̀ yìnyín ló pa àwọn kan tó mọ síkì ju wa lọ. Ẹni tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń mọ òkè tó fẹ́ ya, tí kò ní ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn, ọ̀pá ìwádìí àti ṣọ́bìrì, tí kò sì ní ẹnìkejì tó mọ̀ wọ́n lò, kó dúró sójú ọ̀nà, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ara síkì rẹ̀.

Ọdẹ Altay ń fi awọ ẹṣin bo síkì, Norheim fún un ní ìbàdí, Zdarsky gé e kúrú. Ilẹ̀ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí yìnyín wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ wo tiyín náà kí ẹ tó san owó.