Kí Aago Tó Mọ Ibi Tí A Dúró Sí

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó borí Ìjẹ̀bú lójú ogun Ìmàgbọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, tí ọ̀nà sì là gbọọrọ fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé láti wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ojú ọ̀run ni aago tí ó kárí gbogbo wa, láti Ìjẹ̀bú-Igbó ọmọ Orímolúsì, dé Àgọ́-Ìwòyè, títí kan àwọn abúlé etí omi tí wọ́n ń pè ní Ògùn Waterside lónìí, níbi tí Abígi, Ìbíadé àti Ìwòpin wà. Àkùkọ a kọ, àgbẹ̀ a dìde. Oòrùn a yọ sókè díẹ̀, a di ìyálẹ̀ta. Òjìji ènìyàn a ká wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, a ní ọ̀sán pọ́n gangan. Ẹyẹ a wọlé, a di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja lọ sí ọjà Èjìnrìn kì í béèrè pé aago mélòó ni ó lù. Ọjọ́ ọjà ni ó ń kà lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, a sì ti bá a ní èbúté kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má pe èyí ní àìmọ̀kan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ni ọ̀sán tirẹ̀: oòrùn a ti kan àtàrí ará Abígi ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó tó kan ti ará Àgọ́-Ìwòyè, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ọ̀sán ẹnìkejì òun kì í ṣe òótọ́.

Agogo akéde ni ó yá aago ní orúkọ. Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí pe ènìyàn, etí ni a fi ń mọ ìgbà, kì í ṣe ojú, ìdí sì nìyí tí a fi ń wí títí di òní pé aago méje lù, bí èyí tí ó wà lọ́rùn ọwọ́ wa tilẹ̀ yadi. A wo bí ojú ti ń ṣẹ́, a pè é ní ìṣẹ́jú. A wá èyí tí ó kéré jù ú, a rí àáyá lórí igi bí ó ti ń ṣẹ́jú wàìwàì, a ní ìṣẹ́jú àáyá. Orúkọ yìí ń dùn mọ́ mi nínú, nítorí ọmọ igbó nìkan ni ó lè ronú kàn án.

Bí ilé ìwé ti ń pọ̀ sí i ni agogo rẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1949 wọ́n dá Molusi College sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí Tai Solarin ti ṣe ọ̀gá kí ó tó lọ dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, irin tí a so kọ́ ẹ̀ka igi, tí ọmọ ilé ìwé ń fi irin mìíràn lù kangókangó, di aago àwọn abúlé tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n aago ta ni irin yẹn ń tẹ̀lé? Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1905 ni wọ́n mú Èkó wá sábẹ́ aago Greenwich ti ìlú Ọba. Ní 1908 wọ́n padà sí ti oòrùn Èkó. Nígbà tí 1914 wọlé, wọ́n fi ààbọ̀ wákàtí ṣíwájú Greenwich. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 wọ́n sọ ọ́ di odidi wákàtí kan, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Báyìí ni ọ̀sán gangan ṣe ya ara rẹ̀ kúrò lára aago méjìlá. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó bá fẹ́ rí òjìji rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kí ó dúró di bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 44, àfi pé oṣù a máa fà á síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn bàbá wa kò ṣẹ̀ nínú òǹkà wọn. Aago ni wọ́n gbé kúrò nídìí oòrùn.

Ẹ̀yìn èyí ni aago tí à ń yí létí láràárọ̀ fi ipò sílẹ̀ fún ti bátìrì. Seiko gbé Astron jáde ní Japan ní 1969, Pulsar tí ń fi nọ́ńbà hàn dípò ọwọ́ tẹ̀ lé e ní 1972, Casio sì ṣe F-91W ní 1989, aago rọ́bà dúdú tí kò wúwo, tí ó di ti mùtúmùwà. Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ni ó ní, síbẹ̀ ó kọ́ wa ní sùúrù. A ó tẹ ti ìsàlẹ̀ lápá òsì ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó kọjá aago ìjí-oorun àti ti eré sísá, ìṣẹ́jú àáyá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú sí wa. Ti òkè lápá òsì ni a fi ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, ti ọ̀tún ni a fi ń yí nọ́ńbà. Ẹni tí ó bá kánjú, yóò ré wákàtí tí ó ń wá kọjá, yóò sì tún yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejì rẹ̀ kì í ju ọjọ́ 28 lọ: bí ọdún bá mú 29 wá, ọwọ́ ènìyàn ni yóò tún un ṣe. Ibi tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ń gbé kò sì kàn án.

Èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó béèrè. Mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Àgọ́-Ìwòyè, nítòsí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, nígbà tí ó ń to aago eléré ìdárayá tuntun tí ó fẹ́ fi máa sáré láàárọ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni aago náà: kò kọ́kọ́ sọ ìgbà, ìbéèrè ni ó ń bi í: èdè wo, ọjọ́ orí mélòó, ó wúwo tó báwo, ọwọ́ wo ni yóò wọ̀ ọ́ sí. Ọmọ náà ń dáhùn, ó ń tẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn, títí iná aláwọ̀ ewé fi tàn lábẹ́ aago náà, tí nọ́ńbà lílù ọkàn rẹ̀ sì yọ. Ibi tí ó wà nìkan ni aago kò rí. Abẹ́ òrùlé páànù ni a jókòó sí, ó sì gbọ́dọ̀ gba ìròyìn lọ́wọ́ sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi ìgbà ránṣẹ́ láti òkè, kí ó tó fi ìgbà náà wọn ọ̀nà tí ó jìn sí wọn.

“Bàbá, ó ní ká jáde síta,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí a ti lè rí ojú ọ̀run.”

A kúrò lábẹ́ páànù, a yàgò fún igi òroǹbó, a dúró ní àárín àgbàlá. Ó na apá rẹ̀ síwájú, èmi ń wo òkè pẹ̀lú rẹ̀. Kò pẹ́ tí aago náà fi gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ wákàtí tí oòrùn yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, ní Àgọ́-Ìwòyè gan-an.