Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ètò Ọ̀rọ̀ Ìlú

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ènìyàn sọ ọ́. Orúkọ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Ẹni tó wà nínú àpótí ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ kò rí ọ̀nà dá a lóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìròyìn tó bá fẹ́ tún ìlànà ètò ọ̀rọ̀ ìlú ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, ìbáà ṣe ní Yunifásítì Redeemer tàbí Yunifásítì Adeleke ní Ẹdẹ, orúkọ yìí ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìlù kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ààfin, ìyáìlù a máa kéde àlejò, a sì máa kì í. Ẹni tí a kì a fi ijó, owó tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu dáhùn lójú gbogbo ènìyàn. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba ní Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù í lù fúnra rẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959.

Ní ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ìjà lórí èsì ló bí i. Ní 1953, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group bínú jáde nílé aṣòfin ní Èkó nítorí àbá pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Gómìnà Macpherson bẹnu àtẹ́ lù wọ́n lórí rédíò. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì; wọn kò fún un. Òfin 1954 wá fún àwọn ẹkùn láṣẹ láti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n onílé ló yí padà, ìlànà kò yí. Ní oṣù Kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ojóóró, ohùn Akíntọ́lá tí a ti gbà sílẹ̀ ni rédíò Ìbàdàn fẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́. Ọkùnrin kan gbé ìbọn wọlé, ó sì mú kí wọ́n fi téèpù mìíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Èsì tí kò bá rí ẹnu ọ̀nà, fèrèsé ni yóò gbà wọlé.

Nítorí náà, pípààrọ̀ olóòtú tàbí orin ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì sọ ètò di tuntun. Ta ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ta ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a lóhùn? Bí olùkọ́ méjì àti òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá jókòó tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, asọ̀rọ̀mágbèsì ni síbẹ̀. Bí ìbéèrè ọlọ́jà àti awakọ̀ bá ṣáájú, tí aláṣẹ dáhùn ní Yorùbá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì padà lọ wò bóyá ìlérí ṣẹ, nígbà náà ni ìlànà yí padà. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ètò tí kò gbọ́ ti ẹnì kejì kò sàn jù ú lọ.